Ife tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Howard: Bí Lincoln Phillips àtàwọn ọmọ ẹ̀ ṣe bá wọn dé ilé wọn

Ẹni tó ti jẹun yó, tí wọ́n wá ní kó pọ̀ ọ́! Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Yunifásítì Howard, nílùú Washington, ṣe rí nìyẹn lọ́dún 1973.

Ọdún 1867 ni wọ́n dá yunifásítì àwọn aláwọ̀dúdú yìí sílẹ̀, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ò sì ṣàjèjì níbẹ̀ rárá. Wọ́n gba ife NAIA lọ́dún 1961. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Lincoln Phillips, ọmọ Trinidad tó ti ṣe gólì rí, di kóòṣì wọn lọ́dún 1970 ni iná wá jó dáadáa. Trinidad, Jàmáíkà, Gínì, Nàìjíríà, ibẹ̀ làwọn ọmọ ẹ̀ ti wá, àwọn tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré.

Ní December 1971, wọ́n pàdé Saint Louis ní fáínà NCAA nílùú Miami. Saint Louis yìí kì í ṣe ẹran rírọ̀ o, àwọn ló gba ife náà lọ́dún 1969 àti 1970. Howard nà wọ́n 3-2.

Ayọ̀ yẹn ò tọ́jọ́. Ní January 1973, NCAA gba ife náà padà, wọ́n ní àwọn kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá a. Wọ́n tún ní Howard ò gbọ́dọ̀ bá wọn dá sí ìdíje ife tọdún náà. Ọ̀kan lára òfin tí wọ́n dì mú ni èyí tó ń fìyà jẹ àjèjì tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù nílùú ẹ̀ kó tó wá. Ẹ gbọ́ ná, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbá tiẹ̀ nílé ńkọ́? Howard kọrí sí kóòtù, adájọ́ sì fagi lé òfin náà. Síbẹ̀, ẹ̀sùn yòókù ò kúrò lọ́rùn wọn, ife ò padà.

Saint Louis gba ti 1972, wọ́n tún gba ti 1973 tí Howard ò sí níbẹ̀.

Nígbà tó di December 1974, àwọn méjèèjì tún pàdé ní fáínà, nílùú St. Louis gan-an! Ọ̀mì, 1-1. Àkókò àfikún àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta, kò sẹ́ni tó gbá a wọlé. Ìkẹrin ni Kenneth Ilodigwe, ọmọ Nàìjíríà, bá jù ú sáwọ̀n. Howard gba ife, ìdíje 19 láìpàdánù ẹyọ kan.

Ti 1974, ẹnikẹ́ni ò rí i gbà lọ́wọ́ wọn. Ti 1971, NCAA ò kọ orúkọ ẹgbẹ́ kankan síbẹ̀ títí dòní.