Ara idẹ, ẹbí igi: ohun tó ń mú sàsófóònù sọ̀rọ̀

Ní Adó-Èkìtì, ìgbéyàwó ni o, òkú àgbà ni o, kò pẹ́ tí wàá fi rí ẹni tó gbé sàsófóònù kọ́rùn níwájú ìjọ. Idẹ tó ń dán ni wọ́n fi ṣe é, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ orin kò kà á mọ́ kàkàkí. Ẹbí fèrè onígi ni wọ́n pín in sí.

Ibi tí ohùn ti ń jáde ló fà á. Ẹni tó ń fọn kàkàkí, ètè rẹ̀ gan-an ló ń gbọ̀n. Ní ti sàsófóònù, pẹlẹbẹ ìfefe kan tí àwọn olórin ń pè ní rííìdì ni wọ́n dè mọ́ ẹnu fèrè. Ẹ wò wọ́n kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀: wọ́n á kì í bọnu, wọ́n á máa lá a títí yóò fi rin, torí bó bá gbẹ, igbe lásán ni yóò máa ké. Ìgbà ọyẹ́ ò rọrùn fún wọn rárá. Bí wọ́n bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, rííìdì á máa ṣí, á máa pa dé, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ihò tí wọ́n dí bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ṣe ń lọ sílẹ̀ tó. Ooru náà ń dá sí i: ohùn máa ń yára nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná, nítorí náà lọ́sàn-án gangan, fèrè á fẹ́ ga ju dùùrù lọ. Olórin á fa ẹnu fèrè síta díẹ̀ kí wọ́n lè bára mu.

Adolphe Sax, ọmọ Bẹ́ljíọ̀m, ló ṣe é; ọdún 1846 ló gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Paris, àwọn olórin ológun Faransé sì tètè gbà á.

Èkìtì ní ọmọ tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí olórin sàsófóònù Orlando Julius Ekemode sí lọ́dún 1943. Ó lọ wá iṣẹ́ orin ní Ìbàdàn, nígbà tó sì di 1966, àwo rẹ̀, Super Afro Soul, ti da háíláìfù pọ̀ mọ́ orin sóòlù àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Fèrè trumpet ni Fẹlá kọ́ ní London ní tirẹ̀. Ìgbà tí Igo Chico, tó ń fọn sàsófóònù fún un, fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1973 ló tó gbé sàsófóònù. Lójú tèmi, a kì í dárúkọ ọmọ Ìkọ̀lé yìí tó bó ṣe yẹ. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ló kú.

Ohun tó bá etí Yorùbá mu lára fèrè yìí ni pé ètè tó ń tẹ rííìdì lè mú ohùn yọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, bí onígángan ṣe ń fún ọṣán tó sì ń dẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá ìjọ fi ń fi ọ̀rọ̀ sí orin kí akọrin tó gbé gbohùngbohùn. Ètè yẹn náà ló ń kó ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sí wàhálà: bó bá tẹ̀ ẹ́ jù, ohùn á fò sókè, bó bá dẹ̀ ẹ́ jù, á já wálẹ̀, gbogbo ìjọ á sì gbọ́.