Òògùn olómi tí ẹ ń fún ọmọ: ahọ́n kò lè mọ májèlé inú rẹ̀

Ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ wà lọ́wọ́ yín, ní Ìjerò o, ní Àrámọkọ o, ní Ẹ̀fọ̀n o, ọ̀pọ̀ yín ló máa ń tọ́ òògùn olómi wò kí ẹ tó fún ọmọ mu. Ó dára, ṣùgbọ́n májèlé kan wà tí títọ́wò kò lè fi hàn yín.

Láti ìparí ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ọmọ 84 ló kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu òògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Diethylene glycol ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa ní 1990, nínú paracetamol olómi. Ní 2022, àwọn òògùn olómi tí irú májèlé yìí wà nínú wọn tún pa ọmọ tó lé ní 60 ní Gambia.

Báwo ló ṣe ń dénú òògùn? Paracetamol kì í yòrò dáadáa nínú omi. Ẹ da epo pupa sínú omi, á léfòó. Ẹ da iyọ̀ sí i, á yòrò. Omi dà bí bátìrì kéékèèké tó ní orí àti ìdí: orí èyí a máa fa ìdí ìyẹn. Epo kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi kì í fi í gbà á mọ́ra. Propylene glycol tí àwọn tó ń ṣe òògùn ń lò ní in, ó tún ní apá tó gba paracetamol mọ́ra, ó wá mú àwọn méjèèjì ṣọ̀rẹ́. Diethylene glycol náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ́ gaara, ó ki, ó dùn lẹ́nu, ó sì wọ inú omi pátápátá. Ohun tí wọ́n ń fi sí ọ́ìlì bíréèkì mọ́tò nìyẹn o! Bí oníṣòwò oníwọra bá tà á gẹ́gẹ́ bíi propylene glycol, àyẹ̀wò nìkan ló lè tú u fó.

Kíndìnrín ló máa ń bàjẹ́. Ọmọ á máa bì, inú á máa run ún, á máa tòògbé, ìtọ̀ rẹ̀ á sì dínkù tàbí kó dáwọ́ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ro ó ní àgbo. Ẹ dá òògùn náà dúró, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lè tètè gbé e lọ sí èyí tó tóbi ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì bó bá yẹ.

Ilé òògùn tó ní apòògùn tó kàwé rẹ̀ ni kí ẹ ti máa rà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri nínú mọ́tò. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi ọkàn tán an pátápátá. Ní ti eyín tó ń yọ, èmi ò rí ìdí tí a fi ń ra òògùn rẹ̀: aṣọ mímọ́ tí ẹ rì bọ omi tútù ni kí ẹ fi ra èrìgì ọmọ.

Bí ẹ bá sì ń lọ sílé ìwòsàn, ẹ mú ìgò òògùn náà dání, bó tilẹ̀ ti tán.