Àgbà ní ọmọ òde òní ò lẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ní àgbà ti sùn lọ: Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sókè?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá ìjà sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé lóṣù kẹwàá, ọdún 2020. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni wèrè. Àsìkò ìwọ́de EndSARS ni, àwọn ọ̀dọ́ kún ojú títì fọ́fọ́, wọ́n ń pariwo pé, "Sọ̀rọ̀ sókè, wèrè!" Àwọn àgbà tó jókòó sídìí tẹlifíṣàn la ẹnu sílẹ̀, wọn ò lè pa á dé. Irú ọmọ wo rèé? Ta ni wọ́n ń pè ní wèrè, ìjọba ni àbí ẹni tó bí wọn? Ẹ̀rín làwọn ọmọ fi dá wọn lóhùn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ohun tí ọ̀rẹ́ ń fi ń ṣàwàdà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ni wèrè, kì í ṣe èébú mọ́. Yorùbá kan náà ni gbogbo wọn ń sọ o, ṣùgbọ́n ohun tọ́mọ sọ kọ́ ni bàbá gbọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ irun náà. Ọdún 1992 ni wọ́n dá SARS sílẹ̀ láti máa kojú àwọn adigunjalè. Nígbà tó yá, ọmọ tó bá ti ṣe irun dàda, tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká há abíyá, tó sì mú fóònù tó dáa dání, ọmọ Yahoo ni lójú wọn. Wọ́n á gbé e, wọ́n á gba owó ọwọ́ ẹ̀, àwọn mìíràn ò sì padà wálé mọ́. Ohun tó wá dun àwọn ọ̀dọ́ jù ni pé bí wọ́n bá délé, ohun tí ọlọ́pàá sọ náà ni òbí tún ń sọ: "Ká ní o ti gé irun ẹ ni, ta ni ì bá mú ẹ?" Bẹ́ẹ̀ orúkọ àmútọ̀runwá ni Dàda nílẹ̀ Yorùbá. Ìgbà wo ni dàda orí di ẹ̀rí olè?

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ní tiwọn láti sọ. Nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá kéde lọ́jọ́ kọkànlá oṣù náà pé àwọn ti tú SARS ká, àwọn àgbà ní kí àwọn ọmọ máa bọ̀ nílé. Àwọn ọmọ ní irọ́ ni, ṣebí ìjọba ti ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ rí tí kò sí ohun tó yí padà? Wọ́n ní ojo làwọn bàbá àwọn.

Ojo kẹ̀? Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún lọ́dún 1978 ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ní 2020. Lójú ẹ̀ ni ìjọba ológun ṣe fi kún owó oúnjẹ ọjọ́ kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tí wọ́n tú síta, tí wọ́n ń pariwo "Ali Must Go" nítorí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali tó ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́. Ìbọn ọlọ́pàá ló pa Akintunde Ojo, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó. Lọ́dún 1993, nígbà tí Babangida fagi lé ìbò 12 June, àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà dáná sun táyà káàkiri Èkó, àwọn ṣọ́jà sì yìnbọn fún wọn. Ọ̀pọ̀ ló kú. Ẹni tójú ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ló ń sọ pé ẹ máa bọ̀ nílé.

Lógúnjọ́ oṣù kẹwàá, ṣọ́jà dé tóògéètì Lẹ́kkí, wọ́n sì yìnbọn. Dípò kí àwọn àgbà kan bá àwọn ọmọ sunkún, "Ṣebí a sọ fún yín" ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn àwọn ọmọ dòní.

Níbo gan-an làwọn ọmọ ìbá ti mọ ohun tójú bàbá wọn rí? Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni wọ́n ti yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró ní pírámárì àti jùníọ̀ sẹ́kọ́ńdírì. Ọdún 2022 ni ìjọba tó kéde pé àwọn dá a padà. Nílé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ bàbá ò sọ ọ́. Nígbà táwọn ọ̀dọ́ tún jáde nítorí ebi lóṣù kẹjọ, ọdún 2024, àríyànjiyàn àtijọ́ náà ló tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bàbá tó ń bú irun ọmọ ẹ̀, kó kọ́kọ́ jókòó sọ ibi tó wà ní 1978 tàbí 1993, kó sọ ẹni tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó sì sọ ibi tóun náà sá gbà. Ọmọ náà, kó ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀, kó fi iṣẹ́ tó ń ṣe han bàbá ẹ̀, kí ọkàn onítọ̀hún balẹ̀. Àwọn àgbà gan-an ni "sọ̀rọ̀ sókè" yẹn bá wí jù. Ẹ sọ ọ́ sókè, káwọn ọmọ lè gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń bá àgbà sọ ọ́, ẹ yọ wèrè ìdí ẹ̀ kúrò.