Ibà tí oògùn ibà ẹ̀fọn kò ràn



Ẹ ro oko òwú nínú ẹrẹ̀, ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìrẹsì ní àkùrọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ibà dá yín dúbúlẹ̀. Ibà ẹ̀fọn ni ẹ ó pè é, ẹ ó sì ra oògùn rẹ̀ lò. Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ibà kan wà tí eku ń kó ran èèyàn, tí oògùn yẹn kò lè wò. Leptospirose ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe Lassa tí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní Tchaourou ní 2016 o. Àrùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Inú kíndìnrín eku ni kòkòrò àrùn yìí ń gbé. Kì í ṣe eku náà ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde. Asín ń gbé e, ajá, ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù náà lè gbé e. Nínú ẹrẹ̀ tàbí omi tó dá rogún, ó lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ibi gbígbẹ ni kò bá a lára mu. Ojú ọgbẹ́, ẹsẹ̀ tó sán, ẹyinjú àti ẹnu ló ń gbà wọ ara.

Tẹ́lẹ̀, àrùn olóko ìrẹsì, awakùsà àti àwọn tó ń kó gọ́tà ni wọ́n kà á sí. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 1996, ó bẹ́ sílẹ̀ ní Salvador ní Bahia, ilẹ̀ Brasil níbi tí ọ̀pọ̀ bàbáńlá àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wá. Èèyàn 326 ló mú níbẹ̀, láàárín ìgboro, ní àdúgbò àwọn tálákà tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ibà dengue ni wọ́n kọ́kọ́ pe ti ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní Kútọnu tiwa níbí, àwọn onímọ̀ ti rí kòkòrò náà lára eku àti asín inú ilé.

Àmì rẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí máa ń retí kí ojú aláìsàn di àwọ̀ ìyeyè. Ẹ má dúró de ìyẹn. Ní Nicaragua ní 1995, lẹ́yìn àgbàrá òjò, ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró ló pa àwọn èèyàn, ojú wọn kò sì yí àwọ̀ padà. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni ibà òjijì, orí fífọ́, ojú pípọ́n àti ara ríro, pàápàá ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lábẹ́ orúnkún: ẹ fọwọ́ kàn án, aláìsàn á ké. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 sí 14 lẹ́yìn tí ara ti kan omi náà.

Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé kì í ṣe ibà ẹ̀fọn, ẹ má kàn padà sílé. Ẹ sọ fún dókítà pé, "Inú omi ni mo ti ṣiṣẹ́, eku sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa." Ó lè má béèrè. Oògùn tó ń wò ó kò ṣọ̀wọ́n: doxycycline tàbí penicillin ni, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tètè lò ó kí kíndìnrín tó bàjẹ́. Ẹ má rà á fúnra yín lọ́jà. Doxycycline kò yẹ aboyún.

Ní oko, ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn, kí ẹ sì di ojú ọgbẹ́. Ẹ má kó àgbàdo pọ̀ mọ́ òwú oníkóró nínú yàrá tí ẹ ń sùn, nítorí wọ́n lè fa eku wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn kòkòrò òwú pa eku: ọmọdé lè ṣa òkú eku náà kó sì sun ún jẹ. A kò ní kí ẹ má jẹ okété. Kí ẹni tó ń pa á lára má ṣe ní ọgbẹ́ lọ́wọ́, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà, kí ẹ sì sè é jinná.