Díígírì 28, Ọyẹ́ àti Ògiri: Ìdí Tí Yàrá Kan Náà Kì í Fi Í Rí Bákan Náà Lára

Díígírì 28 tí tẹmómítà ń kà nínú yàrá kan ní Ewékorò lè tu ni lára nígbà ọyẹ́, kí díígírì 28 kan náà sì lé onílé jáde síta lóṣù Kẹta. Tẹmómítà kò purọ́. Ooru afẹ́fẹ́ nìkan ló ń kà. Ohun tí awọ ara ń mọ̀ ni bí ooru ṣe ń yára kúrò lára tó.

Ara ń ṣe ooru tirẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó sì gbọ́dọ̀ máa tú u dànù kí inú rẹ̀ lè dúró sí nǹkan bíi díígírì 37. Bí ooru bá mú, òógùn ni ọ̀nà tó lágbára jù. Ṣùgbọ́n òógùn tó ń kán sílẹ̀ kọ́ ló ń mú ara tutù, èyí tó gbẹ lára ni. Omi kì í di oru láìgba ooru lọ́wọ́ ohun tó bà lé: ooru tí gíráàmù òógùn kan ń gbà lọ bó ti ń gbẹ ju ìlọ́po 500 èyí tó ń fi díígírì kan kún ooru gíráàmù omi kan. Ọyẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá gbẹ débi pé òógùn ti lọ kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun làágùn. Afẹ́fẹ́ orí òkun tó ń gbapò rẹ̀ ru omi wá, òógùn kò sì ríbi gbẹ sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà ooru oṣù Kejì ọdún 2024 ní gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ìwádìí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ World Weather Attribution fi hàn pé afẹ́fẹ́ kọjá díígírì 36, ṣùgbọ́n bó ṣe rí lára tó nǹkan bíi 50. Fáànù pàápàá kì í sọ afẹ́fẹ́ di tútù. Ṣe ló ń gbá ọ̀rinrin kúrò lójú awọ kí òógùn lè gbẹ.

Ògiri ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Ohun gbogbo tó gbóná ló ń ta ooru jáde, bí ẹni tó jókòó ti ààrò ṣe máa ń mọ̀ ọ́n lójú bí atẹ́gùn tilẹ̀ tutù. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti ń sọ òkúta ẹfun Ewékorò di sìmẹ́ǹtì. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi í mọ ń gba oòrùn jọ lójúmọmọ, ó sì ń dá a padà sínú yàrá lálẹ́. Nígbà ọyẹ́, ojú ọ̀run gbẹ, ooru ilẹ̀ ń jáde lọ sókè lóru, ògiri á sì ti tutù kí ilẹ̀ tó mọ́. Lóṣù Kẹta, ọ̀rinrin ń dá ooru náà padà, ògiri á bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ooru àná. Lóṣù Kẹjọ, ọ̀rinrin pọ̀ gan-an, síbẹ̀ ilé tutù, nítorí ìkùukùu kò jẹ́ kí oòrùn rí ògiri.

Àwọn kan ń di ẹ̀bi ru sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń yin ilé amọ̀ ayé àtijọ́ l'Abẹ́òkúta. Òótọ́ ni pé ògiri amọ̀ tó nípọn máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìdájọ́ náà ti le jù: páànù òrùlé tí kò ní àjà lábẹ́ ni oòrùn ń bà lé tààrà lọ́sàn-án gangan, òun ló sì sún mọ́ orí jù.