Marcory àti Ẹ̀kọ́ tí Ọmọdé Ń Fi Ọwọ́ Kọ́

Ọ̀sà pín ìlú Abidjan sí méjì. Lórí erékùṣù Petit-Bassam, ní ìhà gúúsù, ni Treichville, Marcory àti Koumassi wà. Ní Marcory ni ìjọba Côte d'Ivoire fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Institut National de la Jeunesse et des Sports. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, bọ́ọ̀lù àti eré sísá ni ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lóòótọ́, àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ń ti ibẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà níbẹ̀ tí a kì í sábà gbọ́ ìròyìn rẹ̀: wọ́n ń kọ́ àwọn tí yóò máa darí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́.

Kí ni ènìyàn ní láti kọ́ kí ó tó lè darí ọmọdé? Láàárín àwọn ọdún 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọgbọ́n mẹ́wàá tí ọmọ nílò láti fi gbé ayé. Lára wọn ni kí ó mọ bí a ti ń ṣe ìpinnu, kí ó mọ bí a ti ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, kí ó sì lè kó ara rẹ̀ níjàánu nígbà tí inú bá ń bí i. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè kọ sí ojú pátákó kí ọmọ dà á kọ, kí ó sì di tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìpàgọ́ ṣe àpẹẹrẹ. A fún ọmọ mẹ́wàá ní owó ọbẹ̀, a ní kí wọ́n lọ sí ọjà, kí wọ́n sì se oúnjẹ ọ̀sán fún gbogbo àgọ́. Wọn yóò ṣírò, wọn yóò ná ọjà, wọn yóò jà lórí ẹni tí yóò fọ ìkòkò. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, gbogbo àgọ́ ni yóò jẹ ẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò nílò ìbáwí olùkọ́ mọ́. Iṣẹ́ alákòóso ní àkókò náà ni kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó sì máa wò, àfi bí iná bá fẹ́ jó ẹnìkan. Lẹ́yìn oúnjẹ ni yóò tó jókòó ti àwọn ọmọ náà, tí yóò béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó lè pa ẹnu mọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ọmọ Yorùbá lè sọ pé kò sí ohun titun nínú èyí. Àwọn ènìyàn wa tí ń ṣòwò ní Abidjan, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ànàgó, tí púpọ̀ nínú wọn sì ti Èjìgbò lọ, ìdí àtẹ ni ọmọ wọn ti ń kọ́ ìṣirò, èdè Faransé, èdè Júlà àti sùúrù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n kí a má fi àlèébù rẹ̀ pamọ́: ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ a máa gbọ́ràn, ọ̀gá ni í pinnu, àwọn mìíràn sì wà tí omi pípọn àti ilẹ̀ gbígbá ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ́. Láti 2015 ni òfin Côte d'Ivoire ti pa á láṣẹ pé kí ọmọ láti ọdún 6 sí 16 wà ní ilé-ìwé. Òfin náà tọ́. Síbẹ̀, ọmọ tí ó kúrò ní ìdí àtẹ lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ, níwájú olùkọ́ kan ṣoṣo, jèrè ìwé, ó sì pàdánù ohun kan. Ohun náà ni ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní láti dá padà fún un.

Nàìjíríà pẹ̀lú ti dán irú rẹ̀ wò. Ní 1951, Alec Dickson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Man O' War Bay, létí òkun ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Nǹkan bí oṣù kan ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin fi ń wà níbẹ̀: wọ́n ń gun òkè Kamẹrúùnù, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣe iṣẹ́ ìlú. Lẹ́yìn tí Gúúsù Kamẹrúùnù yàn ní 1961 láti kúrò lọ́dọ̀ Nàìjíríà, a ní láti wá ibòmíràn, a sì rí i ní àwọn òkè Shere lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn díẹ̀ ni ó kàn.

Ìṣòro Marcory náà nìyẹn. Ní Anoumabo, abúlé àwọn Ébrié tí ìlú ti yí ká, ni ẹgbẹ́ olórin Magic System ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún orin FEMUA ní 2008. Wọ́n ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé, wọ́n sì ti kọ́ ilé-ìwé ní ìlú púpọ̀. Ó yẹ kí a yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ ni àjọ̀dún fi ń wà nínú ọdún. Ohun tí ọmọ Anoumabo nílò ni alákòóso tí yóò wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àyè tí a lè ti dá iná, àti owó ọbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ń mú alákòóso jáde kò jìnnà sí wọn. Ní ti àyè àti owó, apá kan ìpinnu rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò ti ń dìbò yàn láti 1980.