Epo Wà, Àmọ́ Ilé Epo Gbẹ

Ẹ rántí Oṣù Kẹsàn-án 2021 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Epo wà nílé ìfọpo. Awakọ̀ tó máa gbé e ni ò tó. Bí a ṣe gbọ́ pé àwọn ilé epo kan máa tì, kálukú sáré lọ tò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Èèyàn 100 tó ń ra lítà 20 lọ́sẹ̀ ń lo lítà 2,000. Bí gbogbo wọn bá ra lítà 40 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, epo ọ̀sẹ̀ méjì ti tán nìyẹn.

Epo náà ò pòórá o: ó wà nínú ọkọ̀ tó dúró síwájú ilé wa, nọ́ọ̀sì ò sì rí èyí tó máa fi lọ síbi iṣẹ́. Tí táǹkì yín bá ṣì dé ìdajì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tiyín sílẹ̀ fún un.